Ọ̀pá Ẹlẹ́rọ Tí Bàbá Safiyo Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀ṣì fún mi láti sọ̀rọ̀ nípa bàbá àgbà mi lọ́jọ́ ìsìnkú wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún mi láàyè, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta kò tó láti ròyìn bí Bàbá ṣe ń wọ bàtà. Wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ wá a níbi tí wọ́n bọ́ ọ sí lánàá. Tí wọn kò bá bá a níbẹ̀, wọ́n á béèrè ẹni tó sún un, gbogbo ilé á sì dákẹ́ títí ẹni náà yóò fi jẹ́wọ́. Ohun tí n kò ráyè sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jókòó kọ síbí. Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ.

Awọnlẹ̀ ni Bàbá. Ọmọ Kabba ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n ti wọn ilẹ̀ fún ìjọba fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Safiyo ni àwọn Hausa ń pe awọnlẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo Barnawa, àdúgbò wa ní Kàdúná, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, fi ń pè wọ́n ní Bàbá Safiyo. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni àìsàn ojú kan dé, ó ń jẹ ojú wọn láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń ti fèrèsé. Nígbà tí mo fi máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, fèrèsé ti tì pátápátá. N kò rí i kí Bàbá sunkún. Wọ́n ní ilẹ̀ tí àwọn bá ti wọ̀n kò lè sọnù mọ́ àwọn lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé géètì, mọ́kànlá. Láti géètì dé ìkóríta tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń tò sí, òjìlérúgba. Èmi tí mo ní ojú méjì, n kò mọ̀ ọ́n.

Aládùúgbò wa kan mọ odi yí ilé rẹ̀ ká ní àsìkò náà. Èmi àti Bàbá ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ṣàdédé dúró, wọ́n na ọwọ́ òsì, ọwọ́ wọn sì kan búlọ́ọ̀kù.

“Ìyá mi,” ni wọ́n wí, “ta ló gbé ògiri wá sójú ọ̀nà?”

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá mi. Yétúndé ni orúkọ mi, ọdún kejì tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi, Bàbá kò sì fi ọjọ́ kan pè mí ní orúkọ mìíràn, àfi tí mo bá jó ìrẹsì. Mo ní n kò rí ohun tó ṣe ògiri. Bàbá ní kí n pe baálé ilé náà wá pẹ̀lú téèpù. Wọ́n wọ̀n ọ́n lóòótọ́, wọ́n sì bá a pé odi náà ti fi ẹsẹ̀ bàtà méjì wọ ojú ọ̀nà. Ọkùnrin náà wo Bàbá títí, ó ní, “Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò ríran?” Bàbá ní, “Ojú mi ló fọ́, ẹsẹ̀ mi ò fọ́.”

Ẹ má rò pé ẹni pẹ̀lẹ́ ni mò ń ròyìn o. Bàbá gbéraga. Ilé ìwòsàn fún wọn ní ọ̀pá funfun tí àwọn aláìríran máa ń lò, èyí gígùn tó ń kan ilẹ̀. Wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìfìlàkọ́. Ọdún mẹ́fà ni ọ̀pá yẹn fi gbé fìlà. Èjìká mi ni ọ̀pá wọn. Tí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, kí n tó bọ́ aṣọ, màá gbọ́, “Ìyá mi, gbé èjìká rẹ wá,” a ó sì máa lọ sí ìpàdé, sí ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, sí ibi òkú, sí ibi ìkómọ. Mo mọ inú wọn láti ara ìwúwo ọwọ́ wọn. Nígbà kan tí mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi kórìíra ọ̀pá funfun, wọ́n ní, “Mi ò fẹ́ kí ọ̀pá máa ṣáájú mi lọ ròyìn mi fún ènìyàn.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Mo yege, fásitì kan ní Ìlọrin gbà mí, ayọ̀ kún ilé fún nǹkan bí wákàtí kan, lẹ́yìn náà gbogbo wa rántí Bàbá. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, ọmọ Bàbá, iṣẹ́ wọn sì máa ń yí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Tí mo bá lọ, ta ni yóò máa mú Bàbá jáde? Ọdún tó ṣáájú, mo ti tìtorí ọ̀rọ̀ kan náà jẹ́ kí àyè kan bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé tí èyí náà bá tún bọ́, mo di òpó ilé nìyẹn.

Ó wá dà bíi pé Ọlọ́run gbọ́. Àwọn kan láti Àbújá ṣe ọ̀pá ẹlẹ́rọ, wọ́n sì fẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn aláìríran tí Bàbá wà nínú rẹ̀ ní méjìlá lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí ọ̀mọ̀wé kan nínú ẹgbẹ́ lò ó fún oṣù kan, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé ó dára, pé ó tó láti fi rìn láìsí ìrànlọ́wọ́. Alága ẹgbẹ́ ni Màláàmù Sani, ará Rigasa, tó ń fi okùn rọ́bà hun àga. A bí i láìríran ni, kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ náà wá bá Bàbá. Ó ní àgbà ni Bàbá, ó kàwé, ìfọwọ́sí Bàbá ni gbogbo àwọn ń dúró dè.

Wọ́n ń pè é ní ọ̀pá, ṣùgbọ́n kò gùn ju apá lọ. Bí tọ́ọ̀ṣì ni ènìyàn ṣe ń dì í mú, kò kan ilẹ̀ rárá. Tí nǹkan bá wà níwájú, á máa gbọ̀n lọ́wọ́, á máa ké pí-pí-pí, bí ohun náà bá sì ṣe ń súnmọ́ sí i ni igbe rẹ̀ ń yá sí i. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò jọ ọ̀pá afọ́jú. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá bọ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù Ìlọrin sínú àpò.

Àmọ́ Bàbá kì í kọjá lára ènìyàn láìkí i, ẹ̀rọ yìí kò sì mọ ènìyàn yàtọ̀ sí igi. Ohunkóhun tó bá ti ké sí, Bàbá á kí i. “Ẹ kú àárọ̀ o,” sí òpó iná. “Ina kwana,” sí ọmọlanke tí aláàárù omi gbé síbẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ. Nídìí oúnjẹ alẹ́ kan, wọ́n fi ẹjọ́ sùn pé ọkùnrin gíga kan wà nítòsí ẹ̀rọ tiransifọ́mà tí kì í dáhùn ìkíni, pé àwọn ti kí i ní Yorùbá, kí i ní Hausa, kí i ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi gba imú mi jáde. Bàbá jẹ oúnjẹ wọn tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Wọ́n ní, “Kí n kí òpó, ó sàn ju kí n kọjá lára ènìyàn bí ẹran lọ.”

Ẹlòmíràn ìbá fọwọ́ síwèé kó sì máa lo tirẹ̀ lọ. Bàbá ní ohun tí a kò bá wọ̀n, a kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n gbé ìwé àjákọ àti téèpù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ibi tí ẹ̀rọ ti ń ké. Ògiri, ẹsẹ̀ bàtà méje. Èmi, nínú ṣẹ́ẹ̀tì ilé, márùn-ún. Wọ́n pe Màláàmù Sani kó wá dúró ní àgbàlá nínú babanriga rẹ̀, Bàbá ń bọ̀, ẹ̀rọ ń dákẹ́, ó ku díẹ̀ kí imú àwọn méjèèjì pàdé kó tó ké. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀kan náà ni. Nígbà tí ọyẹ́ fi wá dé, tí àwọn ọlọ́dẹ ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora láàárọ̀, a wọn ọ̀kan nínú wọn, ó burú ju ti babanriga lọ. Ẹ̀rọ ń rán ohùn jáde kó lè gbọ́ bó ṣe ń padà, aṣọ tó bá nípọn sì ń gbé ohùn náà mì ni. “Kọ ọ́ sílẹ̀,” ni Bàbá wí. “Ọ̀pá yìí mọ ògiri ju ènìyàn lọ.”

Ìyẹn kò dẹ́rù bà mí, nítorí ẹni tí a bá fara kàn, a lè bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni gọ́tà ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ti ṣí ìdérí gọ́tà tó wà ní ìkóríta láti kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, wọn kò sì dá a padà. Bàbá ń lọ, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́, iwájú mọ́, kò sí ohun tó ń ké. Wọ́n jìn sínú gọ́tà dé ìbàdí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló fà wọ́n jáde tí wọ́n sì mú wọn wálé, orúnkún bó, bàtà kan ti lọ. Mo bú sẹ́kún. Bàbá jókòó sórí àga pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, wọ́n ní, “Ìyá mi, ìwé dà? Kọ ọ́: gọ́tà, ó dákẹ́.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a padà síbẹ̀. Wọ́n na ẹ̀rọ náà sí gọ́tà nígbà mẹ́wàá, láti ọ̀tún, láti òsì, lókè, nísàlẹ̀. Nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò ké. Ohun tó ga ló mọ̀, kò mọ ohun tó jìn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà n kò fẹ́ kí Bàbá kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ síwèé.

Oṣù pé, ìpàdé kó jọ ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Barnawa. Àwọn ará ẹgbẹ́ ti wá láti Rigasa, láti Trikania, wọ́n wọ aṣọ ọdún. Ẹnjiníà tó ṣe ẹ̀rọ náà wá fúnra rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rahila, ó tẹ́ ìwé síwájú Bàbá. Bàbá ní kí n ka ìwé náà sókè. Nígbà tí mo ka ibi tó ti ní ẹ̀rọ yìí tó láti fi rìn láìsí ìrànlọ́wọ́, wọ́n ní kí n dúró níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè fọwọ́ sí i, nítorí kò mọ gọ́tà, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà lé tábìlì.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Gbọ̀ngàn hó. Ẹnìkan ní kò ká àwọn lára tí gọ́tà bá gbé àwọn mì, ẹ̀rọ ni kí wọ́n kó wá. Màláàmù Sani dìde, ó ní, “Baba Safiyo, kai ka samu naka. Mu fa?” Ohun tó ń wí ni pé Bàbá ti rí tiwọn, àwọn ńkọ́? Ó ní ẹni tó ní ọmọ-ọmọ tó ń fi ojú ríran fún un ni kò mọ ìyà ẹni tí kò ní. Bàbá dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Wọ́n ní, “Awọnlẹ̀ tó bá fọwọ́ sí ilẹ̀ tí kò wọ̀n, ilé ẹlòmíràn ló ń wó.”

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe nígbà tí à ń padà bọ̀. Mo ń rìn kíákíá, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, títí Bàbá fi kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a dé ilé ni mo pariwo mọ́ wọn, èmi tí mo máa ń fi ìkúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ̀, èmi ni màá jìyà ẹ̀.” Bàbá kò bínú. Wọ́n ní, “Tí mo bá fọwọ́ sí i, ìwọ á dé Ìlọrin, Sani á dé inú gọ́tà.”

Ẹnjiníà Rahila wá sí ilé wa lọ́jọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun fi ṣe ẹ̀rọ náà. Bàbá ní kò burú, kó so gèlè rẹ̀ mọ́ ojú, kó mú ẹ̀rọ rẹ̀, kó rìn dé ìkóríta. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ òpó, ó yẹ ọmọlanke, ó ń rìn dáadáa, èmi àti Bàbá tẹ̀lé e, Bàbá ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ nínú. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Dúró.”

“Baba, e never cry,” ni ó wí.

“Mo mọ̀. Na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, díẹ̀.”

Ó nà án. Ẹsẹ̀ náà kò bá nǹkan kan. Ó já gèlè kúrò lójú, ó wo inú gọ́tà, ó sì jókòó sí etí rẹ̀ nínú aṣọ ọ́fíìsì tó wọ̀ wá. “Baba, wetin make I do?” Bàbá ní kí n fún un ní ìwé àjákọ wa. Wọ́n ní, “Jẹ́ kí ọ̀pá máa ṣọ́ ẹsẹ̀, kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ orí.” Ó gbé ìwé náà lọ, kò ṣe ìlérí kankan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí fásitì Ìlọrin wọlé. Mo ti tú àpò mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí Bàbá lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n ń ṣí fìlà kúrò lórí ọ̀pá funfun, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí Rigasa. Màláàmù Sani kò tíì gbé fóònù wọn láti ọjọ́ ìpàdé. A bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń hun àga, ó gbọ́ ohùn wa, kò dáwọ́ dúró. Bàbá, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, dúró níwájú ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n ní, “Màláàmù, mo wá kọ́ṣẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé okùn sílẹ̀. Ó ní, “Baba, makaho ba ya koyon tafiya a zaune,” pé aláìríran kì í kọ́ ìrìn ní ìjókòó. Ojoojúmọ́ ni ó ń wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Barnawa lẹ́yìn ìyẹn. Ó kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń lọ, bí ohùn sìmẹ́ǹtì ṣe yàtọ̀ sí ti ilẹ̀, bí ọ̀pá ṣe ń mọ etí gọ́tà kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Tí Bàbá bá kánjú, ó máa ń gbá wọn lọ́wọ́ pé “A hankali,” díẹ̀díẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń wò. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀pá ròyìn òun ń lọ sókè sódò láàárín ọjà, ó ń gba ìbáwí, ó ń ní “Ẹ ṣé, Màláàmù.” N kò rí ọkùnrin tó gbójú ju ìyẹn lọ, n kò sì rò pé màá rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ, Bàbá sìn mí dé ìkóríta. Mo rìn lẹ́yìn, wọ́n rìn níwájú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà kúkúrú, wọ́n yí padà kí kẹ̀kẹ́ tó gbéra. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọ̀pá funfun tó ń kan ilẹ̀ lọ sílé, kò sí èjìká ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo sunkún débi pé oníkẹ̀kẹ́ béèrè bóyá òkú ni mò ń lọ sin. Mo ní rárá, bàbá àgbà mi ni mò ń fi yangàn.

Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo wá sílé ni Ẹnjiníà Rahila padà dé. Ẹ̀rọ náà ti di kékeré, kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, ó dè é mọ́ abẹ́ ìdìmú ọ̀pá funfun gígùn. Ọ̀pá ń kan ilẹ̀, ẹ̀rọ ń kọjú sókè. Méjìlá ló kó wá, gbọ̀ngàn kan náà la pàdé sí. Ó tẹ́ ìwé tuntun síwájú Bàbá, Bàbá ní Màláàmù Sani ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Gbogbo wa jáde. Ó rìn dé gọ́tà, ọ̀pá mọ etí rẹ̀, ó dúró. Ó yà sí ọ̀tún, níbi tí pátákó aránṣọ kan ti rọ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n iwájú orí, ẹ̀rọ ké, ó tẹrí ba kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó pa dà wá. Bàbá ní, “Màláàmù, kí lo wí?”

“Na yarda, Baba.” Ó ti gbà.

Bàbá ní kí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ méjì kún ìwé náà: pé ẹ̀rọ yìí kì í tètè mọ ènìyàn tó wọ aṣọ tó nípọn, pé kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀pá sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹnjiníà kọ ọ́ láìjiyàn. Nígbà náà ni wọ́n ní, “Ìyá mi, níbo ni?” Mo mú ìka wọn, mo gbé e sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà.

Ọdún márùn-ún ni Bàbá tún fi rìn nínú Barnawa kí wọ́n tó sùn tí wọn kò jí mọ́. Mo ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́. Orúkọ wọn wọ́, ó gun orí ìlà tó wà lókè rẹ̀, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ìwé. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.